Awò Méjì tí Ọdẹ́rìndé Gbé Bọ̀ láti Ìlú Òkèèrè-Dé

Ẹ súnmọ́ ibí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ igi lọ́hùn-ún, ẹ gbé àga yín wá, ohùn mi kì í ṣe ti àná mọ́. Ìwọ tí ò ń jẹ obì bí ẹni ń fọ́ ẹ̀kùrọ́, rọra jẹ ẹ́. Èmi Ògúnṣakin ọmọ Lábọ̀dé ló fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi tí mo fi ìdí ìbọn gbá ẹkùn lẹ́nu nígbà tí ẹ̀tù tán lọ́wọ́ mi, tí ẹkùn náà sì bẹ̀ mí pé kí n má jẹ̀ẹ́ kí ìyàwó òun gbọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ẹ rín in dáadáa nísinsìnyí, nítorí bí mo bá wọ inú ọ̀rọ̀ yìí tán, ẹ ò ní rí ẹ̀rín rín mọ́.

Ìtàn ara mi kọ́. Ìtàn Ọdẹ́rìndé ni, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí tó kù ṣojú mi. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó dìde kó lọ sí Igbó Agbójúsókè fúnra rẹ̀. Bó bá bọ̀, kó wá já irọ́ mi.

Ẹ mọ̀ pé ní ìlú wa, ọjọ́ kan wà ní ìtàdógún-ìtàdógún tí à ń pè ní Àáké-Sùn. Lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kì í gbé àáké wọ igbó, ẹ̀ka gbígbẹ pàápàá, a kì í ṣẹ́ ẹ. Àwọn bàbá wa ní igbó náà ń fẹ́ ìsinmi. Ẹ sì mọ ohun tí à ń sọ fún ọmọdé nípa òṣùpá: pé dúdú tí à ń rí nínú rẹ̀, tó dà bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tó la igi lọ́jọ́ tí kò yẹ ni, pé òṣùpá ló gbé e lọ kó lè máa la igi níbẹ̀ títí ayé. Gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá wa.

Ọdẹ́rìndé pa ẹfọ̀n kan nígbà tí Àáké-Sùn ku ọ̀la. Ẹfọ̀n ńlá ni, ọkùnrin mẹ́fà ló fi gbé e wálé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, eṣinṣin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lórí ẹran, igi tí wọn yóò fi yan án kò sì sí nílé. Ó pe ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, ó ní kó lọ ṣẹ́gi wá létí odò.

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá Àyìnkẹ́, òní ni Àáké-Sùn."

Ó ní, "Ṣé Àáké-Sùn ni yóò bá mi jẹ ẹran tó bá rà ni? Mú àáké, kó o tètè máa bọ̀."

Àwẹ̀ró mú àáké, ó ká òṣùká sórí, ó lọ. Òjò ti rọ̀ lókè odò láti àná, a ò mọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a bá àáké àti òṣùká létí omi, a ò bá Àwẹ̀ró. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi wá a. Èmi fúnra mi, tí ẹja ń kí ní "Bàbá, ẹ káàbọ̀" bí mo bá wẹdò, mo wọ inú omi yẹn títí ètè mi fi dúdú, n ò rí nǹkan kan.

Nígbà tí ìlú bi Ọdẹ́rìndé pé kí ló gbé obìnrin náà dé igbó lọ́jọ́ Àáké-Sùn, ó wolẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, ó ní oorun ni òun ń sùn nígbà tó jáde. Gbólóhùn kan péré ni o. Ìlú gbà á gbọ́. Wọ́n ní alágídí obìnrin ni, òṣùpá ti gbé e. Kò sí òkú, nítorí náà a ò sìnkú. Kò sí ẹni tó sunkún rẹ̀ síta, nítorí ẹni tó ń la igi lókè kò tíì kú. Àwọn ọmọdé fi í kọrin. Àyìnkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, ó sì wà lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Orin yẹn ló gbọ́ dàgbà.

Wọ́n máa ń ní kí ọmọ ẹni kú sàn ju kó nù lọ. Bí ó ti rí fún ọmọ náà ló rí fún ìyá. Ẹni tó kú, a mọ ibi tí a ó máa wò. Ẹni tó nù ń kú lójoojúmọ́.

Ọdún mẹ́wàá kọjá. Ìdílé kan gbé iṣu àti epo wá láti fi tọrọ Àyìnkẹ́. Kí wọ́n tó kúrò nílùú, wọ́n gbọ́ orin àwọn ọmọdé, wọ́n bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kẹta, alárinà wá sọ pé àwọn ò ṣe mọ́. Àyìnkẹ́ kò sunkún. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

"Bàbá, mo gbọ́ pé awò kan wà tí í máa fa ohun tó jìnnà wá sí ẹ̀gbẹ́ ojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a. Mi ò bínú sí àwọn tó kọ̀ mí. Mo kàn fẹ́ rí ìyá mi lẹ́ẹ̀kan ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọdẹ́rìndé lára. Ìjẹ́wọ́ dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì. Ó ní, "Máa lọ sùn. Màá wá a." Ẹ̀yin ará, ó rọrùn fún ọkùnrin kó wọ igbó iwin ju kó sọ gbólóhùn kan fún ọmọ rẹ̀ lọ. Èmi náà ọkùnrin ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má bi mí ní iye ọjọ́ tó fi rìn. Ẹni tó ń ka ẹsẹ̀ kì í dé ibi tó lọ yẹn. Ó kọ́kọ́ wọ Igbó Agbójúsókè, igbó tí ọ̀sán rẹ̀ ṣókùnkùn ju òru tiwa lọ, tí ènìyàn fi ń rí ìràwọ̀ láàárín ewé ní ọ̀sán gangan. Àwọn iwin ibẹ̀ kò ní ojú níwájú orí. Àtàrí ni ojú wọn wà. Wọn kì í rí ilẹ̀, gbòǹgbò ń gbé wọn ṣubú láàárọ̀ lálẹ́, eékún wọn kìkì àpá. Ọdẹ́rìndé tan àtùpà ọdẹ rẹ̀ kó lè ríran. Iwin gbogbo figbe ta bí ẹni tí a da ata sí lójú. Wọ́n fọ́ àtùpà náà, wọ́n na Ọdẹ́rìndé bí ẹni na bàrà, wọ́n so ó mọ́ igi.

Olórí wọn, Àtàrí-Ríran, ní, "Ọmọ ènìyàn tó gbé iná wá sí ilé ìràwọ̀! Kí ni à ń tanná wá tí a ò rí, tí a paná tán tó yọjú?"

Ọdẹ́rìndé tu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ dànù. Ó gbójú sókè. Lákọ̀ọ́kọ́ ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta. Nígbà tó pẹ́, ó rí ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó tún pẹ́, ó jáwọ́ nínú kíkà, nítorí òkè ti funfun bí ìgbà tí ènìyàn da ẹ̀lùbọ́ sílẹ̀. Ó wá mọ̀ pé wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ojú òun ni kò tètè là. Ó ní, "Ìràwọ̀ ni."

"O gbà á. Kí lò ń wá kiri?"

"Awò awọ̀nàjíjìn ni."

"Hẹn-ẹn! Gbogbo wọn ló ń wá awò. Kí lo ti fi ojú lásán rí? Èyí tó ń tàn lẹ́bàá oṣù yẹn ńkọ́? Ajá oṣù kọ́ nìyẹn?"

Ẹ wo ọgbọ́n ọdẹ! Ọdẹ́rìndé ní, "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ọ̀nà ló da àwọn méjèèjì pọ̀."

Àtàrí-Ríran tú u sílẹ̀. Ó ní, "Máa lọ. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà níwájú ojú lásán, ẹrù lásán ni awò máa jẹ́ fún un. Ìwọ mọ díẹ̀." Ó yí padà, gbòǹgbò gbé e ṣubú, ó dìde bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é.

Láti ibẹ̀ Ọdẹ́rìndé bọ́ sí Ìlú Òkèèrè-Dé. Oníbodè ìlú náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ojú ọ̀tún rẹ̀ funfun bí ẹyin adìẹ. Ọdẹ́rìndé kí i, ó sì bi í léèrè ohun tó ṣe ojú náà.

Oníbodè ní, "Oòrùn ni. Mo dojú awò kọ ọ́ láti wo ohun tó ń jó nínú rẹ̀. Mi ò tíì ṣẹ́jú tí iṣẹ́ fi parí. Ọ̀rẹ́, bí o bá gba awò tán, wo ohun gbogbo tó wà lókè, ṣùgbọ́n fi oòrùn sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín."

Inú ìlú yẹn ya Ọdẹ́rìndé lẹ́nu. Olúkúlùkù gbé awò sójú. Ẹnìkan ń wo ọbẹ̀ tí àna rẹ̀ ń sè ní ìlú kẹta, tirẹ̀ ń jóná lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kan ń wo òkè tó jìnnà, ọmọ rẹ̀ ń ké lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbọ́. Ọdẹ́rìndé kí wọn títí, kò sí ẹni tó dáhùn, nítorí ó ti súnmọ́ wọn jù.

Ẹni tó dá a lóhùn ni òǹtàjà kan tó ń jẹ́ Ẹnu-Kò-Sinmi. "Ọdẹ! Ọdẹ! Má wo ibòmíràn! Wo gígùn èyí! Ó tín-ín-rín bí ọmọge, ó gùn bí ọ̀pẹ! Ó ń sọ ohun kan di ọ̀nà ẹgbẹ̀ta! Bí eṣinṣin bá bà lórí òṣùpá, wàá ka irun ẹsẹ̀ rẹ̀!"

Nítòsí rẹ̀ ni ìyá arúgbó kan jókòó sí, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Oníkòkò, nítorí pé awò tirẹ̀ kúrú, ó gbẹnu sókè gbàràmù bí ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ ìkómọ. Kò polówó. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, bí òjò bá ń rọ̀, ẹnu ìgò lo máa gbé síta láti fi gbe omi ni, àbí ẹnu agbada?"

"Ìyá, òjò kọ́ ni mo ń wá."

"Ìmọ́lẹ̀ lò ń wá. Òun náà ń rọ̀. Ohun tó jìnnà, díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ń kàn wá, ẹnu tó bá fẹ̀ ló lè gbà á. Má bi awò léèrè bó ṣe ń sọ nǹkan di ńlá tó. Bi í léèrè bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kó o sì bèèrè ohun tó dúró lé."

Ọdẹ́rìndé wo ìkòkò náà, ó wo arúgbó náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò wá ra ohun tí a fi ń se àsáró. Bó ti la ẹnu rín ẹ̀rín yẹn ni Ẹnu-Kò-Sinmi na ọwọ́, ó bù ú, ó rọ ọ́ sínú àdó, ó dé e. "O ti sanwó," ló wí. "Ẹ̀rín rẹ ni iye rẹ̀. Gbé awò rẹ." Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ Ọdẹ́rìndé, ẹ rántí dáadáa. Ṣé ẹ rí i kó rẹ́rìn-ín mọ́ láti ìgbà tó ti àjò yẹn dé?

Ó gbé awò gígùn náà gun òkè kan lẹ́yìn ìlú. Oṣù ti dé ìdajì, ó ti yọ kí oòrùn tó wọ̀ tán. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni awò náà dúró lé, gbogbo wọn tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ lékeléke. Nínú àwọn dígí tó bá a wá, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá jù lọ ni Ọdẹ́rìndé kì bọ ìdí rẹ̀, nítorí ó ń kánjú. Ó wá òṣùpá, kò rí i. Ó ti awò sọ́tùn-ún, òṣùpá sá. Ó tì í sósì, ó tún sá, bí adìẹ tí ọmọdé ń lé. Nígbà tí ó wá bọ́ sójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà ń gbọ̀n rìrì, ohun dúdú kan sì wà láàárín rẹ̀ tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀, tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀.

Ọdẹ́rìndé kígbe, "Àwẹ̀ró!"

Ó rí i pé igi ló ń là. Ó ní, "Àwẹ̀ró, sọ ọ́ kalẹ̀! Sọ àáké kalẹ̀, èmi ni mo ní kó o lọ!" Bó ti ń ké ni ara rẹ̀ ń gbọ̀n, bó ti ń gbọ̀n ni àáké náà ń yára sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lórí òkè yẹn. Bí òṣùpá bá ti yọ, á wò, á sunkún. Kò jẹun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Ìyá Oníkòkò gun òkè bọ̀, ó gbé awò rẹ̀ rù bí ẹni ru omi. Ó ní, "Kí lo rí?"

"Ìyàwó mi ni, Ìyá. Ó ń la igi. Kò sinmi rí."

"Mú ọwọ́ kúrò lára awò yẹn. Kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀. Jẹ́ kí atẹ́gùn yìí lọ sílẹ̀. Ó yá, wò ó báyìí, má fọwọ́ kàn án, sé èémí rẹ."

Ọdẹ́rìndé wò ó. Ohun dúdú náà ń rọra lọ, ó ń rọra bọ̀, ó dúró.

"Ṣé ó ṣì ń la igi?"

"Ó ti dúró, Ìyá."

"Ọwọ́ rẹ ló ń la igi, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ àti ẹsẹ̀ lékeléke yìí."

Arúgbó náà sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ìdí rẹ̀ jókòó sílẹ̀ bí odó, atẹ́gùn fẹ́ ẹ, kò mira. Ọdẹ́rìndé fẹ́ fi ojú sí i, arúgbó náà gbá a lọ́wọ́. Ó ní kó jẹ́ kí awò náà tutù bá afẹ́fẹ́ orí òkè ná, nítorí ohun tó gbóná kì í ríran dáadáa. Wọ́n jókòó. Nígbà tó yá, ó ki dígí tó rọ̀ jù bọ̀ ọ́, èyí tí kì í sọ nǹkan di ńlá púpọ̀. Ó ní, "Bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré. Ìdajì oṣù ló dára jù láti wò. Bí òṣùpá bá kún, ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, kò ní òjìji tí yóò fi ihò hàn ọ́. Ó yá, wò ó."

Òṣùpá dúró jẹ́ẹ́ nínú awò náà. Ọdẹ́rìndé rí ihò, kékeré àti ńlá, bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ kán sí. Ó rí òjìji nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ó rí òkè tí orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn. Dúdú tí à ń pè ní ènìyàn láti kékeré wa, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ilẹ̀ gbalasa tó ní àwọ̀ eérú ààrò tí iná rẹ̀ ti kú. Ó wá Àwẹ̀ró láti etí kan dé èkejì. Ó wá a bí a ti wá a létí odò. Kò sí ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ sí igi kan ṣoṣo níbẹ̀ tí ènìyàn lè là.

Ó ní, "Ìyá, ìyàwó mi dà?"

"Awò ni mo ń tà. Mi ò mọ ibi tí odò ń gbé ènìyàn lọ."

"Mi ò sọ fún yín pé odò ni."

"O kò kọjá lẹ́bàá omi ìlú yìí lẹ́ẹ̀kan kí o má yà fún un. Mo ti ń wò ọ́. Ta ló rán an?"

Ọdẹ́rìndé wolẹ̀. Ó ti ké e lórí òkè nígbà tó dá wà, ṣùgbọ́n níwájú ẹni tó ní etí, kò lè sọ ọ́. Ìyá Oníkòkò ti awò tirẹ̀ sí i lọ́wọ́. "Máa gbé e lọ. Mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti wúwo tó báyìí."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́rìndé ṣe gbé awò méjì bọ̀ wálé. Ní gbogbo ọ̀nà ló ń rò ó. Bí ó bá fún Àyìnkẹ́ ní ìkòkò náà, Àyìnkẹ́ yóò rí i pé kò sí ẹnìkan, yóò sì bèèrè ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Bí ó bá fún un ní tẹ́ẹ́rẹ́, yóò rí ìyá tó ń la igi, kò ní bèèrè nǹkan kan. Ó gbé ìkòkò náà pamọ́ sínú àká àgbàdo. Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yẹn, ẹ dákẹ́. Kí ni ẹ̀yin ìbá ṣe?

Ó gbé tẹ́ẹ́rẹ́ náà sí ojúde. Àyìnkẹ́ wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló figbe ta. "Bàbá, mo rí wọn! Wọ́n ń là á! Áà, ó ti rẹ̀ wọ́n, Bàbá, ẹ wo bí ọwọ́ wọn ṣe ń gbọ̀n!" Ó kúnlẹ̀, ó kí ìyá rẹ̀ kú iṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí òṣùpá bá ti yọ nírọ̀lẹ́, Àyìnkẹ́ á lọ sídìí awò, á kí ìyá rẹ̀ kú iṣẹ́, á ní kí wọ́n rọra. Ọdẹ́rìndé rò pé yóò rẹ̀ ẹ́. Kò rẹ̀ ẹ́. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì wọlé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ọdẹ́rìndé ń ti oko bọ̀, ó gbọ́ gbà! gbà! gbà! láti ẹ̀yìnkùlé. Ó sáré débẹ̀. Àyìnkẹ́ ló gbé àáké, tó ń la igi tí kò sí ẹni tó rán an, ó ti là á tó òkìtì mẹ́rin, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ti wà lára èèkù àáké.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń bá wọn dín in kù ni, Bàbá. Mo rò ó pé bí mo bá là lára rẹ̀ níbí, tiwọn lọ́hùn-ún á dín. Bóyá wọ́n á lè jókòó díẹ̀."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Èmi rí i pé nígbà mìíràn, òtítọ́ kì í sáré rárá. Irọ́ náà ni yóò dé ibi tí ẹni tó pa á kò ti lè wò ó mọ́. Ọdẹ́rìndé gba àáké lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó lọ sínú àká, ó tú àgbàdo dànù, ó gbé ìkòkò náà jáde, ó gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀ líle lójúde. Ó jẹ́ kó tutù. Ó dojú rẹ̀ kọ ìdajì oṣù, ó ki dígí tó rọ̀ bọ̀ ọ́. Ó ní, "Wá wò."

Àyìnkẹ́ wò ó.

"Ilẹ̀ ni mo rí, Bàbá. Ihò ni. Mi ò rí wọn."

"Wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó. Kò sí ẹnìkan." Ó gbójú kúrò. "Ta wá ni mò ń kí kú iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Awò àkọ́kọ́ ló ń gbọ̀n. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀ rí."

"Ìyá mi dà?"

Ọdẹ́rìndé jókòó sílẹ̀, sínú eruku, bàbá níwájú ọmọ. Ó ní, "Odò ló gbé e lọ. Kì í ṣe pé ó ṣe agídí. Èmi ni mo rán an. Nítorí ẹran ẹfọ̀n, kí ó má bàa rà. Mo purọ́ fún ìlú, mo purọ́ fún ọ."

 Ohun tí Àyìnkẹ́ sọ lẹ́yìn náà, Ọdẹ́rìndé kò lè sọ ọ́ fún mi láìsunkún títí ó fi kú. Ó ní, "Bàbá, mo ti bú wọn. Bí àwọn ọmọ bá ń fi mí kọrin, nínú ọkàn mi, ìyá mi ni mo máa ń bú. Mo máa ń ní, 'Alágídí, ẹ ò wo ohun tí ẹ fi sí mi lọ́rùn.' Ọdún mẹ́wàá."

Bàbá rẹ̀ fi orí kanlẹ̀.

"Kí ni wọ́n sọ nígbà tí ẹ rán wọn?"

"Ó ní Àáké-Sùn ni. Mo jágbe mọ́ ọn. Ó mú àáké. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní kí n má gbàgbé láti da omi fún àwọn adìẹ."

Ìgbà yẹn ni Àyìnkẹ́ figbe ta. Ẹ̀yin ará, mo ti gbọ́ igbe ẹranko, mo ti gbọ́ ti iwin. Inú ilé mi ni mo wà, ilé kẹrin sí tiwọn, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi já. Gbogbo àdúgbò tú jáde. Obìnrin mú aṣọ dání, ọkùnrin mú àdá. A sáré dé ojúde Ọdẹ́rìndé, a bá ọmọbìnrin náà nílẹ̀ tó ń yí, a bá bàbá rẹ̀ tó dojú délẹ̀. A ń pariwo, "Kí ló dé? Ta ló kú? Ta ló kú?"

Àyìnkẹ́ gbé ojú sókè wò wá, gbogbo wa tí a ti ń gbọ́ orin yẹn lẹ́nu àwọn ọmọ wa fún ọdún mẹ́wàá tí a kò fi pàṣán lé wọn. Ó ní, "Ìyá mi ni. Ìyá mi ló kú. Ẹ bá mi sunkún."

A jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, a bá a sunkún.

Bí mo ti gbọ́ ọ nìyẹn, bí mo ti rí i nìyẹn, mi ò fi iyọ̀ sí i. Ẹ dìde, kí olúkúlùkù máa lọ sílé rẹ̀. Ẹni tó bá ní ohun tó ń gbé mì, kó má dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́.